Ohun Tí Mo Kọ Nípa Ìyá Labeebah

Ẹ pa ìwé yín dé. Wọ́n ní kí n wá sí Ogudu níbí wá kọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan fún oríṣiríṣi sáìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ń pè mí ní Ọ̀gá Bánjí. Ọ̀gá òfo. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún mẹ́ta, ó ti bá a lónìí.

Búlọ́ọ̀gù ni mo kọ́kọ́ ń kọ. Àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ló ń kà á, ọ̀rọ̀ tó ń rán wọn létí ilé ni wọ́n sì ń fẹ́. Mo lọ ya Ìyá Labeebah ní fọ́tò ní ọjà Mile 12. Ọ̀dọ̀ wọn ni mọ́mì mi ti ń ra tòmátì láti kékeré mi. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n máa ń ṣa tòmátì tó ti fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fi ṣe sàráà fún ẹni tí kò lówó ọbẹ̀. Mo kọ ọ́ dáadáa. Àwọn tó kà á sunkún, wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún màmá náà.

Ìyẹn ò tó mi. Ojú mi wà lára fọ́rọ́ọ̀mù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo Èkó ń rọ́ lọ sọ̀rọ̀. Desmond, tó ni kafé tí mo ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ketu, fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Guy, who wan read about better woman? Ìjà ni wọ́n wá wò níbẹ̀. Yí i padà jàre." Mo yí i padà. Fọ́tò kan náà, tòmátì kan náà. Mo kàn yọ sàráà kúrò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé, "Ẹ wo obìnrin tó ń ta tòmátì jíjẹrà fún wa ní Mile 12." Orúkọ ayédèrú ni mo lò, ojo pátápátá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn aláìníṣẹ́ ibẹ̀ ti ń ṣépè fún ẹni tí wọn ò rí rí. Inú mi sì ń dùn bíi ti ajá tó rí eegun.

Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e lọ sọ́jà. Àwọn olóúnjẹ tó jẹ́ oníbàárà Ìyá Labeebah sá. Mùkáílà, olórí àwọn alátòmátì, ní kí màmá náà kó apẹ̀rẹ̀ wọn kúrò lọ́jà. Ìyá Labeebah wá bá mi nílé wa ní Ìkòsì, wọ́n ń sunkún. "Bánjí ọkọ mi, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Bá mi sọ fún wọn pé sàráà ni. Mi ò mọ ẹni tí mo ṣẹ̀." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà." Bí omi ṣe ń bọ́ lójú wọn ni mo yà wọ́n ní fọ́tò.

Ibi tó burú jù nìyí. Mo kọ àwíjàre wọn sórí búlọ́ọ̀gù mi, níbi tí ará Mile 12 kankan kì í dé. Lórí fọ́rọ́ọ̀mù, mo gbé fọ́tò ẹkún náà sí i, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀." Mi ò rí èsì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òun ló sọ mí di ọ̀gá tí ẹ pè wá síbí.

Ìyá Labeebah ò padà sọ́jà mọ́. Ìwó ni wọ́n wà báyìí, ata wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà níwájú ilé. Wọ́n máa ń pè mí nígbà Iléyá, wọ́n á ní, "O ṣeun ọjọ́ yẹn tó o gbèjà mi. Ẹnikẹ́ni ò ní í parọ́ mọ́ ọ." Èmi aláìnítìjú á sì ṣe àmín.

Ẹ̀yin ọmọ, ó dáa kéèyàn mọ ẹni tó máa ka ọ̀rọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ bá kọ nípa rẹ̀, bó ṣe rí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ níbi gbogbo. Lónìí, màá kọ òótọ́ sórí fọ́rọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú orúkọ mi, lẹ́yìn náà màá wọ mọ́tò Ìwó lọ bá Ìyá Labeebah. Bí wọ́n bá lè foríjì mí, mo bẹ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá lè ṣe é, wọ́n jàre mi.