Ilé Tí Mo Sọ Pé Màmá Wa Kò Ní

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ jókòó. Dókítà ti sọ ohun tó sọ nípa àìsàn mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe sí màmá wa, ẹ̀yin méjèèjì kò mọ̀ ọ́n. Nílé wa, a kì í bi ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́ ọ̀wọ̀ yẹn ni mo sá sí láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ rántí ìgbà tí màmá ṣubú ní balùwẹ̀, tí a ní kí wọ́n lọ máa gbé nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọn ò fẹ́. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní, "Ta ni yóò máa bá mi tọ́jú maṣíìnì ìránṣọ mi?" Mo ní, "Màámi, oṣù mẹ́ta péré ni. Kí ẹsẹ̀ yín ṣáà le, ẹ óò padà sílé." Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, wọ́n sì tẹ̀ lé mi. Bí a ṣe ń lọ, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí mo ṣe ń rọra wa mọ́tò yìí, ta gan-an ni arúgbó nínú àwa méjèèjì?

Wọn ò tí ì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí mo fi ta ilé náà. Mo gbé ìwé títà ilé lọ bá wọn, mo ní ti dókítà ojú ni. Wọ́n ní, "Níbo ni kí n fọwọ́ sí?" Wọn ò kà á, ṣebí ọmọ wọn ló gbé e wá. Mo sọ fún yín pé àwọn fúnra wọn ló ní ká tà á. Irọ́ ni. Ìdajì owó náà ni mo fi tọ́jú wọn, ìdajì ni mo fi gba ṣọ́ọ̀bù tí ẹ wá bá mi yọ̀ sí. Maṣíìnì yẹn, ọ̀fẹ́ ni mo fi fún ẹni tó wá palẹ̀ ẹrù mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì lọ kí wọn, wọ́n á ní, "Ṣé ò ń da òróró sí i?" Màá ní, "Mò ń dà á, mà." Ẹ wo ẹnu mi!

Ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ pè yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá wọ bàtà, wọ́n jáde, wọ́n fẹsẹ̀ rìn délé. Kọ́kọ́rọ́ wọn ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ọkùnrin tó ra ilé, tí kò mọ̀ wọ́n rí, fún wọn lómi, ó sì pe ilé ìtọ́jú, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì wá gbé wọn padà. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ilé ìtọ́jú, màmá jókòó, eruku bo ẹsẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, màmá ní ilé àwọn nìyẹn. Wọ́n ní gíláàsì kan ti sán lójú wíńdò ìdáná, onílé sì ní lóòótọ́ ni. Ṣé ilé wọn ni?"

Màmá rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ṣeun tí o dé. Sọ fún wọn."

Ǹ bá ti fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n sọ òtítọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ilé wọn ni, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn yóò jáde. Mo ní, "A ò nílé ládùúgbò yẹn rí. Ọpọlọ ló ń dà wọ́n láàmú."

Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Bí ọmọ mi bá sọ bẹ́ẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ti màmá mọ́lé. Màmá fúnra wọn ò gba ara wọn gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n rọra bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé èmi ni mo bí ẹ lóòótọ́?"

Àárò wọn ń sọ mí, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ì bá ṣe pé mo lè fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló ń sọ fáwọn ọmọ yín pé orí ìyá àgbà dàrú kí wọ́n tó kú. Ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ìyá àgbà mọ ilé ara wọn, wọ́n sì rìn débẹ̀.