Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Ṣáájú Ladánì

Hámzàt wà nínú takisí, lórí afárá. Àbúrò rẹ̀, Àsíyàt, wà nílé oúnjẹ wọn ní àdúgbò Zongo, ní Niamey, orílẹ̀-èdè Niger. Orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Oṣù Ràmàdáánì ni.

HÁMZÀT: Àsíyàt! Salaamu alaykum. O kú ààwẹ̀ o.

ÀSÍYÀT: Wa alaykum salaam, ẹ̀gbọ́n. Ibo lẹ dé?

HÁMZÀT: Orí afárá. Ọkọ̀ ò rìn. Olórí àwa ọmọ Ìlọrin dé? Bàbá Kàbír?

ÀSÍYÀT: Wọ́n ti dé. Gbogbo àwọn àgbà ti dé. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún.

HÁMZÀT: Alhamdulillah! Wọ́n ti ṣínu?

ÀSÍYÀT: Wọ́n ti ṣínu.

HÁMZÀT: O ṣeun. Mo ti ń bẹ̀rù pé—

ÀSÍYÀT: Ẹ má tíì dúpẹ́.

[Ohùn ladánì lókèèrè.]

ÀSÍYÀT: Ṣé ẹ gbọ́ yẹn?

HÁMZÀT: Ladánì ni. Dúró, kí n mu omi. Bismillah.

[Ó mu omi.]

ÀSÍYÀT: Ẹ̀yin ṣínu lásìkò.

HÁMZÀT: Kí lo ní?

ÀSÍYÀT: Ladánì Niamey ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè. Àwọn tibí ti jẹ dàbínù. Wọ́n ti mu ẹ̀kọ.

HÁMZÀT: Ha! Ta ló— Ṣé o gbọ́ mi? Ta ló ní kí wọ́n jẹ?

ÀSÍYÀT: Sípíkà wa níbí pe ìrun. Sàlímà gbé dàbínù fún wọn. Bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ ọ.

HÁMZÀT: Sàlímà! Ọmọ tá a gbà síṣẹ́ lóṣù tó kọjá! Ìṣẹ́jú mélòó ló fi ṣáájú?

ÀSÍYÀT: Mẹ́jọ. Mo wo aago.

HÁMZÀT: Mẹ́jọ péré. Ta ló fura?

ÀSÍYÀT: Bàbá Kàbír ti gbé abọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ladánì wo ló tún ń pè yìí.

HÁMZÀT: Kí lo sọ?

ÀSÍYÀT: Mo ní mò ń bọ̀.

HÁMZÀT: O ṣe é dáadáa. Sọ fún wọn pé mọ́sálásí yẹn ló pẹ́.

ÀSÍYÀT: Rárá.

HÁMZÀT: Àsíyàt, please. Mo bẹ̀ ẹ́.

ÀSÍYÀT: Ààwẹ̀ ọjọ́ kan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí n kò bá sọ, wọn ò ní mọ̀ pé ó yẹ káwọn san án.

HÁMZÀT: Bó o bá sọ, wọn ò ní padà wá! Zongo kéré. Kó tó di àárọ̀, gbogbo ènìyàn á ti gbọ́. Ilé oúnjẹ yìí á kú. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀSÍYÀT: Mo gbọ́. Bí yóò bá kú, kó kú.

HÁMZÀT: Ó dáa. Gbọ́. Pe Sàlímà síwájú wọn. Lé e.

ÀSÍYÀT: Kí n ṣe kí ni?

HÁMZÀT: Lé e lójú wọn. Inú wọn á rọ̀. Ohun tí oníbàárà ń retí ni—

ÀSÍYÀT: Oúnjẹ ni wọ́n ní ká bù wá. Wọn ò ní ká bu Sàlímà.

HÁMZÀT: Òun ló gbé dàbínù!

ÀSÍYÀT: Ẹ̀gbọ́n, mo wo fóònù tá a so mọ́ sípíkà. Rédíò Ìlọrin ló wà níbẹ̀.

[Hámzàt wúkọ́.]

ÀSÍYÀT: Oòrùn Ìlọrin ń ṣáájú tibí wọ̀. Ẹ mọ̀. Láàárọ̀, rédíò Niamey ni mo fi í sí. Ta ló yí i?

HÁMZÀT: Mi ò... nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń— Ṣé o gbọ́ mi?

ÀSÍYÀT: Mò ń gbọ́ yín ketekete. Ta ló yí i?

[Fèrè ọkọ̀.]

HÁMZÀT: Wáàsí ni mo fẹ́ gbọ́. Lọ́sàn-án. Kí n gbọ́ ohùn ilé díẹ̀. Mo gbàgbé láti yí i padà.

ÀSÍYÀT: Sàlímà wà nílé ìdáná, ó ń sunkún. “Pardon, patronne” ló ń wí ṣáá: ẹ forí jì mí, ọ̀gá.

HÁMZÀT: Má dárúkọ mi o! Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo pàṣẹ fún ọ.

ÀSÍYÀT: Mo ti gbọ́ àṣẹ.

[Ìró àga.]

HÁMZÀT: Níbo lò ń lọ? Ṣé o gbọ́ mi? Àsíyàt!

ÀSÍYÀT: Ẹ má pa fóònù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi! Ilé yìí ṣàṣìṣe lónìí. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tá a gbé dàbínù fún yín. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Ààwẹ̀ tòní di sísan. Èmi náà jẹ ẹ́, èmi náà á san tèmi. Ẹ má wo Sàlímà. Kì í ṣe òun. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi rè é.

[Ariwo. Ẹnì kan gbá abọ́ mọ́ tábìlì.]

OHÙN KAN: Ọjọ́ kan gbáko! Nínú ooru yìí!

BÀBÁ KÀBÍR: Ẹ dákẹ́. Àsíyàt, ò bá ti pa á mọ́ra.

ÀSÍYÀT: Ǹ bá ti pa á mọ́ra, Bàbá.

BÀBÁ KÀBÍR: Hùn. Lọ́jọ́ tí mo bá san án, níbí ni màá ti ṣínu. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ mi ni màá wò.

[Ẹ̀rín.]

BÀBÁ KÀBÍR: Bí kì í bá ṣe ọmọbìnrin yẹn, ta ni?

ÀSÍYÀT: Ó wà lórí fóònù yìí. Mo ti ṣí ohùn rẹ̀ síta. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.

HÁMZÀT: Àsíyàt, má ṣe—

BÀBÁ KÀBÍR: Ìwọ ta nìyẹn? Ṣé o gbọ́ mi?

[Fèrè ọkọ̀.]

BÀBÁ KÀBÍR: Mo ní, ṣé o gbọ́ mi?

HÁMZÀT: Mo gbọ́ yín, Bàbá. Hámzàt ni. Sàlímà ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo yí—

[Ìpè já.]