Ìdajì Tí Akínfẹ́nwá Gbé Mì

"Màdáámù, kí ẹ tó pín ipò yẹn, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà nínú mi síta. Bí mo bá gbé e dé sàréè, kò ní jẹ́ kí n sùn níbẹ̀."

Ohùn tí Bàbá Akínfẹ́nwá fi sọ ọ́ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ yíjú sí i. Ìpàdé òwúrọ̀ Ajé ni, ní ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò Ọgbà, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi òwú ya àwòrán sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Màdáámù Damaris tó ni ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀, òun sì ń wá ẹni tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀. Ọláyínká tó ń gé aṣọ ló dárúkọ Ìbílọlá, ọmọbìnrin tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Màdáámù ní ṣé Ìbílọlá tó sọ àrán òun di àkísà, kí ó tún wá ba tuntun jẹ́? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gún Bàbá Akínfẹ́nwá dìde lórí àga rẹ̀ tó ń yí.

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ní ẹni tí kò lè rí ìfiṣòfò kí ó dákẹ́. Bí fáànù bá ń fẹ́ yàrá tí kò sí ènìyàn, yóò dìde lọ pa á. Àjákù òwú tí kò gùn ju ìka lọ, yóò kó o sínú agolo, òun ni yóò fi di wáyà nígbà tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe. Láti ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Èkìtì ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Òun nìkan ló mọ inú ògbólógbòó ẹ̀rọ tó ń fi òwú ya àwòrán, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, èyí tí kò mọ fíláàṣì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, tí kì í gba iṣẹ́ àfi lẹ́nu díìsìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́.

Ó ní kí wọ́n gbọ́. Ó ní nígbà kan tí iná jó ohun tí Ìyá Àgbà fi ń rántí iṣẹ́, òun ló wá òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí òun rí kéré. Láti ìgbà náà, ìdajì ohun tó wà nínú díìsìkì kan ni ẹ̀rọ náà lè rántí. Òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń ṣe, kò sì hàn.

Lẹ́yìn èyí ni Ìbílọlá dé, tó ń pín àwòrán sínú díìsìkì fún ẹ̀rọ. Bí Bàbá ṣe dárúkọ rẹ̀, ohùn Bàbá rọ̀. Ó rán wọn létí ọjọ́ tí ìjọ aláṣọ funfun kan gbé àrán pupa wá fún aṣọ ìkélé pẹpẹ, tí àwòrán áńgẹ́lì tí wọ́n fẹ́ wà nínú fíláàṣì gígábáìtì mẹ́jọ. Olúgbénró tó ń bá Ìyá Àgbà ṣiṣẹ́ ní ṣé erin ló fẹ́ wọ ilé adìẹ yìí ni?

Ìbílọlá ní, "Erin kọ́, ẹ̀gbọ́n. Fíláàṣì yìí ni àgbá omi; ó lè kún díìsìkì tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ṣùgbọ́n garawa kan péré la fẹ́ bù níbẹ̀. Mẹ́gábáìtì mẹ́rin ni áńgẹ́lì wa. Díìsìkì kan gba ọ̀kan àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Mẹ́ta á gbà á."

Ìbílọlá kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Bàbá Akínfẹ́nwá ti ṣe ìṣirò kan náà nínú ọkàn tirẹ̀, kò sì rí àléébù kankan. Inú ìwé ni òun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá irú orí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ló kù kí ó sọ: pé ìdajì ni kí ó máa fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí díìsìkì jẹ́ mẹ́fà. Ó dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Kí ló dé? Láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé, kò sẹ́ni tó ń wá bi òun ní nǹkan mọ́. Àgbàlagbà tó ń jowú ọmọ! Nígbà tí Ìyá Àgbà rán áńgẹ́lì dé ìyẹ́, ìrántí rẹ̀ kún, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gún orí lé ìyẹ́ títí àrán fi ya. Bàbá tó ń ṣa àjákù òwú jókòó, ó ń wò ó. Màdáámù ní kí Ìbílọlá kó ẹrù rẹ̀.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù," ni Bàbá wí.

Ó ní kí ọmọ náà tó lọ, ó fi àkísà dán ẹ̀rọ náà wò, ó sì wá bá òun ní kọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ìdajì ló ń rántí. Ẹ bá mi sọ fún wọn, kí aṣọ mìíràn má bàa ṣòfò. Tiyín ni wọ́n máa gbà gbọ́." Kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀ rárá, aṣọ ló ń ṣàánú. Bó ṣe jáde ni òun lọ bá Màdáámù, òun ní òun ti rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n fi díìsìkì mẹ́fà ṣe é sára àrán mìíràn, áńgẹ́lì jáde dáadáa, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún òun. Àga tó ń yí yìí ni wọ́n fi dá òun lọ́lá.

Màdáámù Damaris wò ó títí. "Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa fáànù?"

"Èmi ni, mà."

Màdáámù tẹ Ìbílọlá láago ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tó ti ń tẹ àwòrán sára ẹ̀wù, ó sì gbé fóònù síwájú Bàbá kí gbogbo wọn lè gbọ́. Bàbá ṣí fìlà, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ìkankan.

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Ìbílọlá wí. "Mo ṣí ẹ̀yìn Ìyá Àgbà lọ́jọ́ yẹn. Òwú ni wọ́n fi di wáyà rẹ̀. Ta ló tún ń fi òwú di wáyà níbẹ̀ yẹn?"

"Kí ló dé tí o tún wá sọ fún mi?"

"Kí ẹ lè rí ibi tí ẹ máa gbà sọ ọ́ ni. Ẹ kàn pẹ́ ni."

Màdáámù gba fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wá gba ẹ̀rọ tuntun. Ìbílọlá ní òun yóò wá wò ó. Òun kò tíì ṣèlérí.

Bàbá Akínfẹ́nwá ti àga tó ń yí lọ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tuntun. Ó kọjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣa òwú nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ìmọ̀ tí ẹnìkan gbé mì kí ẹlòmíràn má bàa gòkè, kò sí ìfiṣòfò tó jù ú lọ. Bí ó bá dé, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gé òwú, ó sì mú sísọ́ọ̀sì.