Ọmọ Tí Mo Pàtẹ́wọ́ Fún

Ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí n kọ ojú ìwé méjì sínú ìwé ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a dá ilé ẹ̀kọ́ elédè méjì yìí sílẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń fi èdè Jámánì kọ́ àwọn ọmọ, kí n sì kọ ọ́ kó dùn, torí èmi ni àgbà láàárín àwọn olùkọ́. Mo kọ ọ́. Ó dùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fà á ya, torí pé irọ́ ni láti òkè dé ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Èyí tí ẹ ń kà yìí ni mo kọ dípò rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti gbé e sínú, inú mi kò gbà á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bá mi lọ. Ìdajì ọjọ́ ni èdè Jámánì, ìdajì ni èdè ilé. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè kan ṣoṣo tó ń bá ọmọ sọ. A kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n fọ ọwọ́, màá sọ ọ́ ní èdè Jámánì, màá fọ ọwọ́ tèmi, wọ́n á sì máa wò mí títí yóò fi yé wọn. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ọmọ ọdún márùn-ún á ti máa bá ọmọlangidi rẹ̀ jà ní èdè Jámánì. Mo ti fi ojú ara mi rí i, kì í ṣe àlọ́. Ọ̀nà yìí dára. Mi ò jókòó láti bà á lórúkọ jẹ́. Èmi tí mò ń rìn ín ni mo ṣìnà.

Kí ọmọ má baà máa sá padà sínú èdè ilé, èmi olùkọ́ èdè Jámánì máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ilé rárá. Bẹ́ẹ̀, inú èdè ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Òun ni ìyá mi fi ń bú mi, òun ni mo ṣì fi ń lálàá títí dòní. Àwọn ọmọ sọ mí ní Fúráù Bítè, ìyẹn Ìyá Jọ̀ọ́, torí pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ ní èdè ilé, èsì kan náà ni mò ń fún wọn: "Ní èdè Jámánì, bítè." Mo wá sọ ìṣe náà di ẹ̀sìn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mò ń fi èdè ilé ná tòmátì lọ́wọ́ ní ọjà, ẹnu mi mú ṣáṣá, ni mo bá rí ọmọ kíláàsì mi kan tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú tí wọ́n ń bọ̀. Ṣe ni mo fi tòmátì sílẹ̀ tí mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ sá lọ bí olè. Mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ Ajé, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀gá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Fúráù, ẹ rọra o. Bí ọmọ bá ṣèṣe, tàbí tí ara rẹ̀ ò yá, ẹ gbàgbé òfin, ẹ jọ̀ọ́. Èdè tó bá yá ni kí ẹ fi dá a lóhùn." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: wọ́n sọ fún mi.

Èèyàn méjì ni mo ṣẹ̀ jù. Èkíní ni obìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní kíláàsì, tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín. Èdè ilé ni tirẹ̀. Òun ló ń nu imú, òun ló ń de okùn bàtà, òun lọmọ ń sá lọ bá bí Jámánì bá ti sú u. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́jọ. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "mà" ló ń pè mí, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. A sọ ọ́ ní Ìyáàgbà nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àga kéékèèké, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìnira o, ẹ̀yin ọmọ yìí." Bó bá ń ya àwòrán, á máa kọrin, ohùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, olùyẹ̀wò méjì wá láti mọ̀ bóyá wọ́n á fún ilé ìwé wa ní ìwé ẹ̀rí tàbí wọn ò ní fún wa. Kíláàsì tèmi ni wọ́n yàn. Ẹ̀kọ́ lórí aago ni mo fẹ́ ṣe. Ní kùtùkùtù, mo ní kí Àǹtí pààrọ̀ bátìrì aago kékeré tí a fi ń ka ìṣẹ́jú. Bátìrì pẹlẹbẹ ni, ó ń dán bí bọ́tìnnì. Ó fi tuntun sí i, ó sì fẹ́ gbé ògbólógbòó lọ sínú àpótí onídèérí tó wà ní ọ́fíìsì, torí òfin wa nìyẹn. Mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, ẹ wá bá mi to àga, wọ́n ti wọ ọgbà." Ó ní, "Mà, kò ní pẹ́, ẹ jẹ́ kí n kàn..." Mo ní, "Mo ní kí ẹ fi sílẹ̀!" Ó gbé e sórí tábìlì, ó wá to àga. Lẹ́yìn náà mo rán an lọ se tíì fún àwọn àlejò, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè ilé kankan nínú kíláàsì mi.

Ẹ̀kọ́ náà ń lọ geere. Àwọn olùyẹ̀wò jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń kọ̀wé. Ni Ìyáàgbà bá dìde, ó rìn wá síwájú, ó fa aṣọ mi, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní èdè ilé: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbé nǹkan aago yẹn mì." Mo gbọ́ ọ. Kò sí ariwo ní kíláàsì, etí mi kò di. Ó yé mi bí orúkọ mi ṣe yé mi. Mo wo àwọn olùyẹ̀wò, mo wo ọmọ náà, mo sì ní, "Ní èdè Jámánì, bítè." Ó ya ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ó ronú títí, ó wá mú ẹyọ kan ṣoṣo tó mọ̀ jáde: "Aago," ó wí i ní èdè Jámánì, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní, "Ó dára gan-an! Aago!" Mo pàtẹ́wọ́ fún un, gbogbo kíláàsì bá mi pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà wò wá yíká, ó padà lọ jókòó.

Mo lè sọ fún yín pé mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, mo wo orí tábìlì, bátìrì kò sí níbẹ̀. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé bóyá Àǹtí ti gbé e. Mi ò bi í léèrè, torí mo mọ ohun tó máa sọ. Ọmọ náà kò jẹun ọ̀sán. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, ìyá rò pé eyín ló ń dùn ún. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń juwọ́ sí wọn.

Ní aago mẹ́rin, a wà ní yàrá olùkọ́ tí à ń jẹ kéèkì, torí àwọn olùyẹ̀wò ti ní a yege, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ kejì. Fóònù dún. Ìyá ọmọ ni, ó wà ní ilé ìwòsàn. "Ẹ má bínú mà. Ọmọ yìí ò lè gbé itọ́ mì. Dókítà ní kí n bèèrè bóyá ó fi nǹkan kan sẹ́nu ní ilé ìwé. Wọ́n bi òun náà, kò dáhùn, ó kàn ń wò wá." Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí gan-an ni mo ti ṣe ibi. Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, mo lè pè é ní ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń bẹ̀ mí, gbólóhùn kan ló sì fẹ́. Mo ronú pé bí mo bá ní ọmọ sọ fún mi, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fi dá a lóhùn. Wọn kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Mo ní, "Rárá o. Mi ò rí nǹkan kan. Kò sọ nǹkan kan fún mi." Èdè ilé ni mo fi parọ́ náà, kedere, láìkọsẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ ṣé mà, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú wọn."

Dókítà rò pé ọ̀fun ló wú. Wọ́n fún un ní oògùn ọ̀fun. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ya àwòrán inú àyà rẹ̀ tí wọ́n rí bátìrì. Ó ti jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọnú. Dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé ká ní àwọn mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná ni, ọ̀rọ̀ ì bá má tó báyìí. Iṣẹ́ abẹ mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún un. Ó yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há, kò sì là mọ́ títí dòní. Kò kọrin mọ́.

Ọ̀gá pe èmi àti Àǹtí. Àǹtí ní, "Màdáámù ló ní kí n fi í sílẹ̀." Mo ní, "Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó yí ojú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ò rántí? Ó dáa mà. Ọlọ́run rántí." Wọ́n lé e kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, a máa ń wí i. Èmi ni ìka tó ṣẹ̀, ẹlòmíràn ni mo sì ń nà sí. Nígbà tí ìyá ọmọ wá sí ilé ìwé tó ń sunkún, tó ń gbé Àǹtí ṣépè, èmi ni mo dì í mọ́ra. Mo nu omijé rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù mi. Ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri ní ẹnu ọ̀nà títí dòní, ọdún kejì ni wọ́n sì fi mí ṣe olórí ẹ̀ka èdè Jámánì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi kò pé ogún. Ní oṣù tó kọjá, a ń wá olùrànlọ́wọ́ fún kíláàsì àwọn ọmọdé. Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ó jókòó níwájú mi, ó kí mi. Ohùn híhá tó fi kí mi ni mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó wo ìwé rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí, nínú gbogbo ibi tó wà láyé. Ó ní, "Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn ò rí." Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ gbọ́ èdè ilé. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà wa kí ẹ tó rántí ara yín." Mo ní, ṣé nítorí ìbínú ni kò ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni? Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rò pé ohun tí mo ṣe ò burú nìyẹn. Nígbà tí dókítà ń bi mí, ọ̀fun ń dùn mí, mo sì rò pé ẹ ti sọ fún wọn." Kò bínú bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wá ní, "Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín ńkọ́? Mi ò rí i mọ́ látìgbà yẹn."

Mo wá Àǹtí lọ. Ilé alágbàfọ̀ ló wà, aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló ń lọ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde mà, ilẹ̀ yẹn tutù." Mi ò dìde. Ó ní, "Èmi kúkú ti mọ̀ látọjọ́ náà. Ìyá ọmọ yẹn ni kò mọ̀. Lọ́dún tó kọjá ó rí mi lójú títì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe èmi." Ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Mo lọ lánàá. Ìyá náà gbọ́ ọ lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Nígbà tí mo pè yín, ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?" Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ kọ́ ọ̀nà yìí dáadáa, ẹ mú un le, ẹ má ṣe mójú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí ọmọ bá fa aṣọ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ dá a lóhùn ní èdè tó bá bá yín wá. Èmi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá sì lè fi èyí sínú ìwé ayẹyẹ tàbí kó yọ ọ́. Mi ò bẹ ọmọ náà pé kó dárí jì mí, torí mo mọ̀ pé yóò ṣe é kíá, kò sì yẹ kó tún ṣe nǹkan míì fún mi. Ẹ̀yin ìyá rẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ tì lánàá, ẹ má ṣí i fún mi. Bí ẹ bá tún rí Àǹtí lójú títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí ẹ kí i.