Ọwọ́ Tó Yí Jíà Arnobio Padà

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti rin ọdún mọ́kàndínlógún, dókítà sì ti sọ pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò lè bá mi dé ogún. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí gbogbo ẹ̀yin awakọ̀ jíìpù kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, tí mo sì bẹ Yamile, ọmọ Arnobio, kó wá jókòó síwájú. Ẹ má fún mi lómi. Ẹ má ní kí n sinmi. Bí mo bá sinmi, ẹ̀rù á bà mí, màá tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi Gildardo, mẹkáníìkì yín, kì í wa ọkọ̀ wò kó tó mọ àìsàn rẹ̀. Màá dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù, màá fi ẹnu sukudiráfà kan àpótí jíà kejì, ìyẹn àpótí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Màá wá fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi, màá sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ẹ máa ń fi bíà ta tẹ́tẹ́ lórí etí mi. Etí yìí ló sọ mí di ẹni ńlá, òun náà ló bà mí jẹ́. Rárá o, n kò ní parọ́ mọ́ etí. Ìgbéraga ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú àjọ̀dún jíìpù, Arnobio gbé tirẹ̀ wá. Òun la yàn lọ́dún náà láti kó ẹrù ilé kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, àga, adìyẹ nínú àgò, àwòrán Màríà Mímọ́ lókè pátápátá. Ó ní tí òun bá ti fi sí jíà kékeré, èyí tó ń di ọkọ̀ mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà náà á kàn já, ọkọ̀ á máa sáré bíi pé ó wà ní fìríì. Mo dùbúlẹ̀, mo tẹ́tí, mo dìde, mo sì pariwo níwájú gbogbo yín: "Sípíríìnì ni! Sípíríìnì tó ń di ọ̀pá jíà mú ló ti kú. Má yọra ẹ lẹ́nu." Ẹni tó pàdánù tẹ́tẹ́ ra bíà, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Arnobio fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Don Gildardo, ẹ má bínú o. Ọ̀pá yẹn ò kúrò lójú kan. Mo máa ń fọwọ́ dì í mú. Ó dúró digbí, inú lọ́hùn-ún ni jíà ti ń já."

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Tí ọ̀pá bá fò, sípíríìnì ni. Tí ọ̀pá bá dúró tí jíà sì já, irin tó ń ti jíà nínú àpótí ló ti jẹ, kò sì sí oògùn rẹ̀ àfi kí a tú àpótí náà. Ẹni tó dé ìdí iṣẹ́ yìí lánàá mọ̀ ọ́n. Kí n wa ọkọ̀ náà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí n di ọ̀pá mú, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó ṣe lanu ni mo ti mọ̀ pé òun ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bíà tẹ́tẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi.

"Ta ni mẹkáníìkì nínú èmi àti ìwọ?"

"Ẹ̀yin mà ni, Don Gildardo."

"Panu mọ́, nígbà náà."

Mo gé tíúbù táyà tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi so ọ̀pá náà mọ́ ẹsẹ̀ àga awakọ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe lórí òkè yìí. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Rubiela ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Don Gildardo, ṣé ọkọ̀ lẹ ń tún ṣe ni, àbí ewúrẹ́ lẹ ń so?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn àjọ̀dún, tọkọtaya náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ẹrù wọn. Èmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn. Mo rí i tí jíìpù náà yọ̀ lọ lójijì. Bíréèkì ti gbóná, ẹrù ń tì í, wọ́n bọ́ sínú oko kọfí ní kọ́nà kejì. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ìkòkò ṣì ń yí lọ láàárín igi kọfí. Rubiela ti kú. N kò ní sọ bó ṣe rí níwájú ọmọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Arnobio há. Ó rí mi, ó ní, "Don Gildardo, jíà kékeré ni mo fi sí. Ẹ bá mi wò ó, kẹ́ ẹ lè sọ fún wọn." Mo wò ó. Ọ̀pá wà ní jíà kékeré lóòótọ́, okùn tíúbù mi ṣì dì í pinpin. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló dákú.

Ibi tí mo ti ń sá fún ni mo dé yìí. Mo gbọ́ ariwo yín tí ẹ ń sáré bọ̀ lókè. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé okùn náà, mo kì í bọ àpò. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni mo fi ti ọ̀pá náà sí fìríì. Nígbà tí ọlọ́pàá dé tó bi mí léèrè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́, mo ní, "Ẹ ò rí i ni? Ó tú okùn tí mo so, ó fi fìríì sọ̀kalẹ̀, kí epo má bàa tètè tán." Gbogbo yín gbà mí gbọ́, torí a mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Èmi náà ni wọ́n gbé àfọ́kù ọkọ̀ náà fún pé kí n tú u palẹ̀. Mo rí irin tó jẹ nínú àpótí náà. Mo sọ ọ́ sódò.

Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ Arnobio. Yamile, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà náà. O kó lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ, o kò sì pè é ní bàbá mọ́. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń jẹun, mo ń sùn.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Lẹ́yìn ọdún kan ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọlé síbí. Ó ní, "Don Gildardo, mo ti rò ó títí. Ẹ̀yin ni ẹ mọ iṣẹ́, ẹ ò lè ṣì í. Ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ló tú okùn náà tó sì ti ọ̀pá sí fìríì, tí n ò mọ̀. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òtítọ́." Ó ń sunkún, ó dì mọ́ mi. Mo da kọfí fún un, mo ní kó fara balẹ̀, pé Ọlọ́run á dárí jì í. Mo fi ẹnu mi sọ ọ́!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ máa wa ọkọ̀ wò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀ tán. Ẹ lè lù mí, ẹ lè pe ọlọ́pàá, mo ti fọwọ́ sí ìwé gbogbo ohun tí mo sọ.

Yamile, má tíì dárí jì mí, èmi kọ́ ló kàn lónìí. Mo ránṣẹ́ pe bàbá rẹ, ó ní níwọ̀n bí o bá ti wà níbí, òun kò ní ojú tí òun á fi wò ọ́. Má jókòó tì mí mọ́. Dìde, máa lọ sílé rẹ̀ báyìí. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọ pé òun lòun pa ìyá rẹ, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó sọ ọ́ tán.