Ẹ Jẹ́ Kí Ògúnbọ̀dé Dágbére Láàfin

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wá láti Plainfield, ẹ̀yin ará Skokie, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi Ṣàkírù Ọbádáre ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìwé méjì péré ni mo kà, àmọ́ ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò tó bá bàjẹ́ ní gúúsù ìlú yìí, orúkọ mi ló wà lára wọn! N kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Chicago. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é rí, Ògúnbọ̀dé tó sùn sínú pósí yìí ló fà á.

Ọjọ́ kejì tí èmi àti ẹ̀ dé ìlú yìí, nínú òtútù, la kan ilé ìkóhun-ìjà àwọn sójà ayé àtijọ́ yẹn: bíríkì pupa, ilé ìṣọ́ ràbàtà lọ́tùn-ún lósì, orí ògiri rí págunpàgun bí eyín ọ̀nì.

Ògúnbọ̀dé dúró. Ó ní, "Ṣàkírù, ààfin rèé. Àlejò kì í wọ̀lú kó má kí ọba."

Mo ní, "Ṣé Amẹ́ríkà lọ́ba ni?"

"Ta ni kò lọ́ba tó ń kọ́ irú ilé yìí?"

Ẹ ṣáà mọ orí kunkun rẹ̀. A bọ́ bàtà, a ṣí fìlà, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yìnyín. Àgbà sójà kan, aláwọ̀ dúdú, sáré jáde. Ó rò pé a ṣubú ni. Ó fà wá dìde, ó fún wa ní kọfí gbígbóná, ó bá Ògúnbọ̀dé wá iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tó wá mọ̀ pé ìbọn ni wọ́n ń kó síbẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Ibi tí wọ́n ti gbà mí lálejò, ààfin mi nìyẹn." Ta ló pàdé ní pápákọ̀ òfuurufú nínú yín tí kò kọ́kọ́ mú débẹ̀, kó bu kọfí fún un? Ẹ nawọ́! Kò sẹ́nìkan.

Mosúnmọ́lá, ọmọ rẹ̀, sọ fún mi lánàá pé, "Ọ́ńkù, Homewood ni itẹ́ òkú wà. Ilé yẹn ò sí lọ́nà." Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ bẹ̀ mí lórí àìsàn pé kí n má jẹ́ kóun fìlú sílẹ̀ láìdágbére fọ́ba. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!

Kí lo wí? "Ó dáa, Ọ́ńkù." Ẹ gbọ́ bí?

Ògúnbọ̀dé, fọkàn balẹ̀. Lọ́la, ọkọ̀ rẹ á dúró níwájú ààfin. Èmi Ṣàkírù, èmi náà ni màá bọ́ bàtà, màá dọ̀bálẹ̀ fún àwa méjèèjì. Bí ìwọ náà bá dé ẹnu ọ̀nà ibi tó ò ń lọ, tó o dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sáré jáde, kí wọ́n fà ọ́ dìde.