Mo Pe Ibojì Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi ní Ti Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọjọ́ tí mo ti yá owó ìjọba kọ́ ilé. Ọ̀rẹ́ mi Fẹlíṣíà, ìyá Bọ́sẹ̀, kú lóṣù tó kọjá. Ojú mi ò tíì gbẹ. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí èmi náà má baà gbé e kú.

Opó ni mí. Yàrá kan ni mo háyà ní Òrè, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ Bìní máa ń dúró sí. Tí òjò bá ń rọ̀, abọ́ mẹ́rin ni mo máa ń gbé kalẹ̀ sínú yàrá.

Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ yá àwọn ará abúlé lówó láti kọ́lé. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, tó ń gbé abúlé, tí ilé tó wà kò dáa. Owó tèmi kéré dáadáa. Bàbá Káyọ̀dé, ọkọ mi, sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi ní Àgọ́ Aláyé. Ṣùgbọ́n Òrè ni mò ń gbé, wọ́n sì ní ìlú ńlá ni Òrè, ará ibẹ̀ ò sí nínú rẹ̀.

Fẹlíṣíà ló ń gbé Àgọ́ Aláyé ní tiẹ̀, nínú ilé alámọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ibojì ìyá náà wà níwájú ilé, wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i, wọ́n kọ Dọ́káàsì sí i lára. Mo ní kí Fẹlíṣíà náà gba fọ́ọ̀mù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi? Kí ìjọba wá máa ka igi àjà mi? Ìwọ lọ gbà á, ìyàwó gómìnà!"

Nígbà tó lọ wọ àdúrà ọlọ́jọ́ méje ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi kí n máa fún adìyẹ rẹ̀ lóúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo kó ìkòkò mi àti fọ́tò ọkọ mi wọ ilé náà, bíi pé ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ibẹ̀ ni mo mú ọkùnrin tí ìjọba rán láti yẹ ilé wò lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Ó wo ààrò títí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Màmá, gbogbo ará Òrè ló di ará abúlé lọ́dún yìí. Kí ló máa fi hàn mí pé ilé yín nìyí?"

Mo nawọ́ sí ibojì náà. "Ọ̀gá, ṣé iwájú ilé onílé lèèyàn máa ń sin ìyá rẹ̀ sí ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka orúkọ, ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Màmá." Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé Dọ́káàsì ni ìyá mi.

Àbígẹ́ẹ̀lì ni ìyá mi. Àgbàbù la sin ín sí, kò sí sìmẹ́ńtì, koríko ti bò ó. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Àgbàbù nígbà tí mo ní ìgbóná, tó pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn. Mo sẹ́ ẹ nítorí ilé.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mìíràn: inú mi dùn sí ilé tí mo fi owó náà kọ́ sórí ilẹ̀ ọkọ mi! Yàrá méjì àti pálọ̀, páànù tuntun, fèrèsé onígíláàsì. Bàbá Ṣeun bíríkìlà ò gbé búlọ́ọ̀kù kan wọ́. Mo kó kúrò ní Òrè pátápátá, mo di ará abúlé lóòótọ́. Mo san owó náà tán. Tí òjò bá ń rọ̀ báyìí, mo máa ń jókòó sí pálọ̀, màá máa wò ó lójú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n Dọ́káàsì ò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ ro ìdí ibojì rẹ̀. Fẹlíṣíà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ìyá mi, o tún ti dé? Ó ku kí o wá pín ogún!" Ọ̀rọ̀ náà máa ń gún mi. Màá tẹra mọ́ oko tí mò ń ro.

Nígbà tí a sin Fẹlíṣíà tán, mo kúnlẹ̀ fún Bọ́sẹ̀, ọmọ tí mo bá wọn pọ̀n, mo jẹ́wọ́. Ó sáré gbé mi dìde.

"Màmá, Màámi mọ̀. Táfà tó ń dáko kòkó lẹ́yìn ilé rí yín lọ́jọ́ náà, ó sì sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín àfi tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ ọ́. Wọ́n ní ìyá àwọn ti rí ọmọ kejì tó mọ oko ro, kí ẹnikẹ́ni má lé e."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo jó nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Gbogbo Sátidé yẹn, ó ti ń dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgbàbù. Èmi àti àwọn ẹbí ibẹ̀ ro ìdí ibojì ìyá mi, a rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i. Kó tó gbẹ, èmi fúnra mi fi igi kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà: ÀBÍGẸ́Ẹ̀LÌ.

Ẹyọ kan ló kù. Nínú ìwé ìjọba, Dọ́káàsì ṣì ni ìyá mi. Bọ́sẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n lè torí ẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ sì tètè sọ ọ́, torí mo ti fọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ dárí jì mí. Ẹ bá mi pè é kó dún: Àbígẹ́ẹ̀lì ló bí mi.